Sójà Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀: Ìtàn Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun ní Nàìjíríà

Ọjà Mile 12 kì í sinmi ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní. Láti ìdájí ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó tòmátì àti ata láti Kánò àti Kàdúná, tí ó kó àlùbọ́sà láti Sókótó, tí ó sì kó iṣu láti ilẹ̀ Tífì, ti ń já ẹrù wọn sílẹ̀. Àwọn alábàárù a máa ké sí èrò kí wọ́n yà lọ́nà; ní Ìkòsì tí ó múlé tì í, àwọn eléso a máa to ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó wọn bí ìṣe wọn lójoojúmọ́. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ní wákàtí kan náà, ní Gbàgede Tafawa Balewa ní Erékùṣù Èkó, gómìnà ìpínlẹ̀ yóò ti dúró níwájú ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun. Sójà yóò fun fèrè arò, gbogbo ènìyàn yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ìbọn tó dún. Irú rẹ̀ náà ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò máa ṣe ní Àbújá. Ẹni tí ó bá gun afárá Third Mainland láti Ìkòsì kò ní í pẹ́ dé ibi tí gómìnà dúró sí, ṣùgbọ́n ìró fèrè náà kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ná ọjà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣòro láti rí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kàn tó irú Ìkòsì yìí. Tòmátì tí ó wà nínú agbọ̀n gba ojú ọ̀nà tí sójà ń ṣọ́ kọjá kí ó tó dé Èkó. Láti ọdún 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá, àti láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti sọ igbó ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá di ibùgbé, iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n ata kan ní Mile 12 ti di ìròyìn ojú ogun fún ẹni tí ó bá ní etí láti fi gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyàwó ilé tí ó ra ata ní Ìkòsì kò ní í jiyàn pé ọpẹ́ yẹ àwọn tí ó kú sórí iṣẹ́ náà. Ohun tí yóò rú u lójú ni ẹni tí òun yóò dárúkọ nígbà tí òun bá fẹ́ dúpẹ́. Ìtàn ọjọ́ ìrántí yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí di òní, ìtàn orúkọ ni.

Nínú àṣà Yorùbá, kò sí bí a ṣe ń bu ọlá fún òkú láìdárúkọ rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń sin òkú àgbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa rìn lórí sàréè baba wọn kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kú sí ìdálẹ̀ tàbí sí ojú ogun, tí kò sì ṣeé ṣe láti gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gé wá, èyí ni àwọn ẹbí yóò sì sin bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n gbé wá. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò péjọ láti ṣe ìṣípà; wọn yóò kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọn yóò sì sun ìrèmọ̀jé. Olùkọ́ tí ó bá ti gbọ́ ìrèmọ̀jé lójúkojú rí mọ̀ pé orúkọ ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ òkú ọ̀run náà, orúkọ baba rẹ̀, àti orúkọ àwọn ọdẹ ìṣáájú tí ó lọ bá. Ọdẹ àti jagunjagun ìgbà ìwáṣẹ̀ sì sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé Ògún kan náà ni wọ́n ń sìn. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó gbé àṣà ìrántí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ dé, kò bá àwọn ènìyàn tí kò mọ bí a ti ń rántí akọni. Àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó bá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ìgbà náà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àṣà tí òyìnbó gbé dé náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1918, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Láti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ní ìpín tiwọn nínú ogun náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Glover kọ́kọ́ kó jọ ní Èkó ní 1863 ni ó di ìpìlẹ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà, èyí tí ó wá wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá àwọn ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ní Mahiwa, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Tanzania lónìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, ìjà fi ọjọ́ mélòó kan le koko, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó sì ṣubú níbẹ̀. Pẹ̀lú àwọn oníbọn wọ̀nyí ni àwọn aláàárù wà, àwọn tí ó ru ọta, oúnjẹ àti àwọn tí ó gbọgbẹ́ sórí gba inú irà àti igbó kìjikìji. Wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́. Àìsàn àti ebi pa wọ́n ju ọta lọ, ikú wọn kò sì ní ariwo.

Ní ọdún 1917 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun. Ìlànà tí àjọ náà gbé kalẹ̀ dára púpọ̀: kí gbogbo ẹni tí ó kú ní orúkọ tirẹ̀ lórí òkúta tàbí lára ògiri, kí ọ̀gágun má sì ní òkúta tí ó ga ju ti ọmọ ogun lásán lọ. Ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Áfíríkà, ọwọ́ mìíràn ni wọ́n fi mú un. Ní 1923, Guggisberg tí ó jẹ́ gómìnà Gold Coast sọ níbi ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé òkúta ibojì kò lè yé ọmọ ìbílẹ̀, kò sì ní í mọ rírì rẹ̀. Gómìnà yìí kì í ṣe ẹni tí ó kórìíra aláwọ̀ dúdú; òun ni ó kọ́ ilé ìwé Achimota àti ilé ìwòsàn Korle Bu. Èyí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni. Ẹni tí ó ń gbé láàárín àwọn tí ó ń sin baba wọn sínú ilé ni ó sọ pé wọn kò mọ ohun tí ibojì jẹ́. Lórí irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ibi ìrántí gbogbogbòò fún àwọn aláwọ̀ dúdú láìkọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i, nígbà tí orúkọ àwọn òyìnbó tí ó jùmọ̀ jà pẹ̀lú wọn wà lákọsílẹ̀ ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ náà kò jáde sí gbangba bí ó ti yẹ títí di oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí àjọ ibojì náà fúnra rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Ìwádìí yìí fi hàn pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Íjíbítì àti Sómálíà, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kan, tàbí tí wọn kò rántí wọn rárá, ó sì ṣeé ṣe kí iye náà tó 350,000. Àjọ náà tọrọ àforíjì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé aṣòfin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tú ìwé àtijọ́ wò láti wá orúkọ. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ní 1917, kò dájú pé ìwádìí kankan lè mú un padà.

Àwọn ará Èkó àtijọ́ ní ibi tiwọn tí wọ́n fi ń rántí. Ère sójà tí ìjọba òyìnbó gbé dúró ní Ìdúmọ̀tà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sójà Ìdúmọ̀tà. Ère náà dúró fún gbogbo ẹni tí ó kú, kò sì dúró fún ẹnì kan pàtó. Ó yẹ kí a fi ojú sí ohun tí àwọn ará Èkó ṣe níbẹ̀: nígbà tí wọn kò rí orúkọ kankan pè é, wọ́n fi orúkọ àdúgbò wọn sọ ọ́, bí ìgbà tí a bá sọ àlejò lórúkọ kí ó lè di ará ilé. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, wọ́n yọ ère náà kúrò ní Ìdúmọ̀tà, ayẹyẹ ọdọọdún sì bọ́ sí Gbàgede Tafawa Balewa, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1972 sórí pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré tẹ́lẹ̀.

Ogun Hitler ni ó sọ ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá di ti ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó gba Mogadishu lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì ní oṣù kejì ọdún 1941. Lẹ́yìn èyí ni Bọ́mà. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó lọ síbẹ̀ lé ní 90,000, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì wá láti Nàìjíríà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 81 àti èyí tí ó jẹ́ 82. Ní àfonífojì Kaladan, ibi tí kò sí ọ̀nà fún mọ́tò, orí ni wọ́n tún fi ru ẹrù, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ní ti orúkọ, ogun yìí sàn díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, ibi ìrántí kan wà tí wọ́n fín orúkọ àwọn tí ó tó 27,000 tí kò ní ibojì sí lára, orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń gbé ní Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, báwo ni yóò ṣe dé Rangoon láti lọ ka orúkọ ọmọ rẹ̀?

Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, síbẹ̀ ọjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì ń lò fún ìrántí. Ogun abẹ́lé ni ó yí i padà. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni Philip Effiong wá sí Dodan Barracks ní Èkó láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú Yakubu Gowon pé Biafra ti parí. Ọjọ́ yìí ni ìjọba wá fi rọ́pò ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó máa ń kọ ọ́ pé nítorí ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 1966 ni wọ́n fi yan ọjọ́ náà. Òpin ogun ni wọ́n fi yàn án. Òótọ́ ni pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí: ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọ̀gágun tí àwọn sójà ẹgbẹ́ wọn pa ni Samuel Ademulegun, Zakariya Maimalari, Ralph Shodeinde, Kur Mohammed, Abogo Largema, James Pam àti Arthur Unegbe. Ìyàwó Ademulegun bá a kú lórí ibùsùn. Kò sí ẹni tí ó lè fun fèrè arò ní ọjọ́ náà kí ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí má lọ sọ́dọ̀ òbí wọn, ohun yòówù kí ìwé ìjọba sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú yíyan ọjọ́ yìí tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ọmọ ilé ìwé. Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan túúbá fún èkejì ni wọ́n mú ṣe ọjọ́ ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Igbo, àwọn kan ń lo ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n kéde Biafra ní 1967, láti rántí àwọn tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kú ní ìhà kejì náà ní ìyá. Ọpẹ́ tí orílẹ̀-èdè ń dá kò tíì rí bí yóò ṣe dárúkọ irú wọn, àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú láti ìgbà òmìnira, ẹnì kan wà tí ọmọ Yorùbá kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀: Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ akíkanjú lórí iṣẹ́ tí ó ṣe ní Kóńgò kí ó tó di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, àwọn sójà wá sí ilé ìjọba ní Ìbàdàn láti mú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tí ó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n ní Làlúpọn. Ohun tí ìran Yorùbá rí di mú ni pé Fájuyì kò gbà kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun sì jókòó sílé. Ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn kan ti kọ̀wé pé wọ́n ń wá Fájuyì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, òpìtàn sì ní láti gbé èyí yẹ̀ wò. Síbẹ̀, ẹ wo bí orúkọ rẹ̀ ti wà ní ẹnu ọmọdé, tí ó wà lára òpópónà ní Ìbàdàn àti pápá ní Adó-Èkìtì. Kì í ṣe pé ó kú ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ìlú rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí ó ṣe ní wákàtí ìkẹyìn rẹ̀, nítorí náà ni ọpẹ́ fi rí ibi tí yóò bà sí.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sí Lẹ́bánónì. Láti 1990 wọ́n lọ sí Làìbéríà, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilẹ̀ Sàró, láti pa iná tí kì í ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfuurufú ológun kan gbéra ní Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi já sínú irà ní Éjìgbò. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀gágun tí ọjọ́ orí wọn kò tíì lọ títí. Kò sí ẹni tí ó yè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, ọjọ́ méjìlá péré lẹ́yìn ayẹyẹ ìrántí ọdún náà, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí tí ó wà nínú bárékè Ìkẹjà gbiná. Bárékè náà kò jìnnà sí Ìkòsì àti Kétu, ìbúgbàmù náà sì mi gbogbo Èkó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí ó sá fún iná tí wọ́n sì rì sínú odò ní Òkè-Afà. Àwọn ẹbí sójà tí ń gbé inú bárékè wà lára àwọn tí àjálù náà kọ́kọ́ bá. Ẹni tí ó bá rò pé sójà nìkan ni ń san gbèsè iṣẹ́ ogun kò tíì dé Òkè-Afà.

Bí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ náà kò yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Báàjì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tà, kí owó rẹ̀ lè lọ sọ́wọ́ àwọn sójà àtijọ́ àti àwọn opó. Wọ́n á gbàdúrà ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ 15 gan-an ni wọ́n á gbé òdòdó síwájú ibi ìrántí, tí wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ ní àmì àlàáfíà. Àwọn tí ó gbé ẹyẹlé wọ inú ayẹyẹ náà kò bi Yorùbá léèrè, nítorí pé òwe wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ikú onílé kí ó ní òun ń lọ. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹyẹlé kọ̀ láti fò níwájú Ààrẹ, tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń rẹ́rìn-ín. Bóyá àwọn ẹyẹ wọ̀nyí gbọ́ Yorùbá.

Òwe ẹyẹlé yìí gan-an ni àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì lè fi bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà púpọ̀ ni wọ́n ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá, àwọn arúgbó tí ó ja ogun abẹ́lé wà lára wọn, láti béèrè owó ìfẹ̀yìntì tí ó tọ́ sí wọn. Ayẹyẹ oṣù kìn-ín-ní kò lè fi fèrè bo irú èyí mọ́lẹ̀. Opó tí ó gba òdòdó ní òwúrọ̀ tí kò sì rí owó ilé ìwé ọmọ san ní ìrọ̀lẹ́ mọ bí ọpẹ́ orílẹ̀-èdè ti tẹ̀wọ̀n tó.

Ìgbà kan wà tí nǹkan yàtọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sójà 17 ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta, nígbà tí wọ́n lọ síbẹ̀ nítorí ìjà ilẹ̀. Ìròyìn nípa ìyà tí àwọn ará Okuama jẹ lẹ́yìn náà jẹ́ ìtàn tirẹ̀ tí kò yẹ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ó kú, iléeṣẹ́ ológun tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde pẹ̀lú àwòrán wọn, láti orí ọ̀gágun tí ó kó wọn lọ dé orí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ. Nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n ní Àbújá ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Ààrẹ wá, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oyè orílẹ̀-èdè, ó sì ṣèlérí ilé fún ẹbí wọn àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ wọn títí dé yunifásítì. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ènìyàn tí kò bá wọn tan ń dárúkọ wọn bí ẹni pé ará ilé ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ogun Bọ́mà kò rí pa ti fi bí a ti ń dúpẹ́ hàn, láìsí fèrè àti láìsí ẹyẹlé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ìtọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká, títí ó fi ku òun àti David Kagbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró. Àwọn ará abúlé tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Shuyiman sì gbé wọn pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí àwọn ará Jàpáànù bá rí wọn níbẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Oṣù kejìlá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé láti gbà wọ́n sílẹ̀.

Fadoyebo padà sílé, ó ń tiro, ó bímọ, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Nínú ìwé náà ni ó ti dárúkọ àwọn tí ó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní etí odò. Ní 2011, nígbà tí oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ń lọ sí Bọ́mà, bàbá náà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kọ lẹ́tà ọpẹ́ lé e lọ́wọ́ fún Shuyiman. Ọdún 67 ti kọjá. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n oníròyìn náà rí abúlé náà, ó rí àwọn ọmọ tí Shuyiman fi sáyé lọ, wọ́n sì ka lẹ́tà náà sí wọn létí ní èdè wọn. Oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni Fadoyebo kú ní Èkó, nínú oṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rántí ogun tí ó bá wọn jà.